Ẹ̀jẹ̀ Orogún

Nígbà tí Àmúdà ti ogun Jámánì dé sí Ìsẹ́yìn, ó sọ ti òkun fún àwọn ará ilé. Ó sọ ti ẹrù tó re irun àtàrí àwọn aláàárù dànù, àti ti ọta ìbọn tó wọ òun nítan tó sọ òun di ẹni tó ń tiro. Ohun kan ṣoṣo ni kò sọ. Kò sọ pé ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí òun kò gbọ́ èdè rẹ̀ wà lára òun.

Lọ́jọ́ tí ọta bà á, kí wọ́n tó gbé e dé àgọ́ ìtọ́jú, ẹ̀jẹ̀ ti dà lára rẹ̀ débi pé ó ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga. Dókítà àwọn ọmọ ogun kọjú sí àwọn aláàárù tó jókòó sídìí ògiri, ó ń bi wọ́n léèrè nǹkan. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó wá láti ilẹ̀ mìíràn dìde, ó na apá. Ìgbà tí Àmúdà lajú, ọkùnrin náà jókòó tì í, ó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Wọn kò lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà fi ìka kan àyà ara rẹ̀, ó fi kan àyà Àmúdà, ó bú sẹ́rìn-ín. Kí Àmúdà tó lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, wọ́n ti kó ẹgbẹ́ ọkùnrin náà lọ síwájú. Kò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní.

Àmúdà mọ irú ìlú tí òun padà sí, ìdí nìyẹn tó fi pa ẹnu mọ́. Nígbà tó wà lójú ogun, ọ̀tẹ̀ ti jà ní Ìsẹ́yìn. Àwọn ṣọ́jà wọ ìlú, wọ́n kó ọkùnrin lọ, àwọn kan kò sì padà wálé mọ́. Lẹ́yìn náà ni àrùn lúkúlúkú dé, tó ń gbé òkú jáde nínú agbo ilé kan náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹni tó bá dárúkọ ìjọba tàbí òògùn òyìnbó ní àdúgbò, ilẹ̀kùn ni yóò máa gbọ́ tí ó ń tì.

Ẹnì kan ni ó sọ fún. Mọ́rìnọ́lá ni, àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo. Oyún ti hàn lára rẹ̀ nígbà náà. Ó gbé oúnjẹ wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tó ti ń hunṣọ, ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láì dá sí i. Ìgbà tí Àmúdà parí, ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, a jẹ́ pé mo ní ẹ̀gbọ́n kejì níbi kan tí n ò mọ̀," ó ní. "Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ebi pa á níbi tó bá wà."

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, dókítà kan dé ìlú, ó wọ̀ sí ilé àgbàwọ̀ ìjọba, ó ń bupá fún àwọn ọmọdé kí ìgbóná má baà mú wọn. Adétúnjí ni orúkọ rẹ̀. Èkó ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ já gaara, ṣùgbọ́n nítorí ṣòkòtò bíi ti òyìnbó àti bàtà tó ń wọ̀, òyìnbó dúdú ni àwọn èèyàn ń pè é. Òun náà ti ṣiṣẹ́ ní àgọ́ ìtọ́jú lójú ogun. Ìgbà tí Àmúdà ṣí itan rẹ̀ hàn án, tó sì rọra sọ ti ọkùnrin tó na apá, dókítà náà sún mọ́ ọn.

"Ṣé ẹ̀yin lè ṣe é níbí, dókítà?"

"Irinṣẹ́ ń bẹ nínú àpótí mi. Èèyàn ni kò sí. Níbi gbogbo tí mo dé láti Ìbàdàn, wọ́n ń fún mi ní iṣu, wọ́n ń fún mi ní adìẹ. Ṣùgbọ́n tí n bá ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni mo fẹ́, kí n fi dá ẹni tó ń kú dúró, wọn á sá wọlé." Ó nu awò ojú rẹ̀. "Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kò ráyè kí á máa tọrọ kiri fún un. Ó yẹ kí á ti mọ àwọn tó fẹ́ ṣe é kí ọjọ́ burúkú tó dé, kó jẹ́ pé ẹni tí a bá kàn lu ilẹ̀kùn rẹ̀ yóò jáde."

"Èmi yóò ṣe é," ni Àmúdà wí. "N ó sì bá yín wá àwọn yòókù."

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tutù lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí Mọ́rìnọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí.

Nílé ọkọ rẹ̀ ni. Ràsáàkì ni ọkọ náà ń jẹ́, ahunṣọ ni, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè, tí kì í sì í dá ìpinnu ṣe. Ìyàwó rẹ̀ méjì ni. Fàsílátù ni ìyáálé. Kò bímọ, láti ìgbà tí Mọ́rìnọ́lá sì ti lóyún ni àwọn méjèèjì kò ti kí ara wọn mọ́. Wọn á kọjá lára ara wọn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tó ń kọjá lára òpó.

Ọmọ jáde ní ìdájí, obìnrin ni, ó sì ké dáadáa. Ṣùgbọ́n ibi ọmọ kò tètè bọ́, ìgbà tó sì bọ́, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Àwọn àgbà obìnrin ṣe gbogbo èyí tí wọ́n mọ̀. Wọ́n fún un lágbo mu, wọ́n di ìkùn rẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Aṣọ tí wọ́n ń kó jáde ń wúwo sí i. Nígbà tí oòrùn yọ, ìyá rẹ̀, Àdìjátù, jáde síta, ó rí Àmúdà. Ó kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àmúdà tiro lọ sí ilé àgbàwọ̀ bí ẹni tí kò ní ẹsẹ̀ tó ń dùn ún.

Dókítà wá. Ó ní kí àwọn obìnrin sún díẹ̀, ó pẹ́ nínú yàrá. Ìgbà tó jáde, ẹ̀jẹ̀ ti dá.

"Ó ti dá," ó ní, inú gbogbo èèyàn sì fẹ́ máa dùn. "Ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ ti pọ̀ jù. Àyà rẹ̀ ń sáré, kò sì rí nǹkan fà. Tí ẹ̀jẹ̀ mìíràn kò bá wọ ara rẹ̀ kí oòrùn tó yẹ̀, èmi kò lè ṣèlérí fún yín."

Ó ṣí àpótí rẹ̀ sórí ẹní. Abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, àti ìgò, àti iyọ̀ kan tó ní kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ó ṣàlàyé pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ gbogbo èèyàn ló bá ara mu. Yóò kán ti Mọ́rìnọ́lá sórí awẹ́ dígí, yóò kán ti ẹni tó fẹ́ fún un lé e, yóò wò ó. Tó bá dàpọ̀ tó rọ̀, ó dára. Tó bá ṣù bí wàrà tó bàjẹ́, a jẹ́ pé tí wọ́n bá fi sí i lára, yóò pa á ni.

Àmúdà ti ká apá aṣọ rẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀ tán. Dókítà gún un, ó kán ẹ̀jẹ̀ náà, ó mi dígí náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó gbé e sójú oòrùn. Gbogbo ilé na ọrùn. Ó ṣù. Kódà ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà rí i.

"Ẹ tún un wò," ni Àmúdà wí.

Ó tún un wò. Ó tún ṣù.

Àdìjátù tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó na apá tirẹ̀. "Inú mi ló ti jáde. Tèmi ni kí ẹ gbà." Dókítà wo irun funfun orí rẹ̀, ó fẹ́ kọ̀, ṣùgbọ́n ojú tí ìyá náà fi wò ó mú kó gún un. Òun náà ṣù. Àdìjátù ń wo dígí náà bí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn lójú ọjà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Oyèdèjì, ẹ̀gbọ́n bàbá Àmúdà, tó jẹ́ olórí agbo ilé wọn, ti wá, ó wà níjókòó pẹ̀lú àwọn ọkùnrin ìdílé wọn. Ó ti ṣe díẹ̀ tí bàbá Àmúdà ti kú. Oyèdèjì wí jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló gbọ́.

"Ọmọ ìyá, ọmọ bàbá, ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń kọ ara wọn yìí?"

"Baba, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀," ni dókítà wí. "Ìyá àti ọmọ lè yàtọ̀. Ẹni tí wọn kò sì mọ ara wọn rí lè bá ara mu. Kò sọ ohunkóhun nípa bàbá ẹnikẹ́ni."

"Èmi kò tíì dárúkọ bàbá," ni Oyèdèjì wí.

Àwọn obìnrin wo ilẹ̀. Àwọn ọkùnrin ìdílé tí wọ́n ti ń ká apá aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ kalẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, láì wo ojú ara wọn. Kò sí ẹni tó ní òun bẹ̀rù abẹ́rẹ́. Kò sí ẹni tó ní òun kò fẹ́ràn Mọ́rìnọ́lá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lé dígí lójú gbogbo ìdílé, kí dígí náà wá jẹ́rìí sí ìyá rẹ̀ tó ti sùn ní sàréè? Ọ̀kan ní òun ń bọ̀, ó jáde, kò padà. Èkejì ní orí ń fọ́ òun.

Àmúdà wá sọ ohun tó ti ń pa mọ́. Ó dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, "Ẹ wò mí. Ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí n ò mọ̀ ló gbé mi dé iwájú yín. Kò mọ bàbá mi. Kò mọ ìlú mi. Ó ṣáà rí i pé mò ń kú ni. Mo ti wà láàárín yín láti ìgbà tí mo ti dé, ẹ bá mi jẹun, ẹ ò rí i pé mo yí padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ na apá fún ọmọ yín."

Oyèdèjì wò ó pẹ̀lú àánú. Ìyẹn ló burú jù, pé àánú ni. "Ṣé o rí i báyìí, ọmọ mi? Ẹlòmíràn ni wọ́n dà sí ọ lára. Ìdí nìyẹn tí tìrẹ fi kọ ti àbúrò rẹ. Ìwọ lo tún fẹ́ kí á ṣe irú rẹ̀ fún òun náà?"

"Ti ìyá rẹ̀ wá ńkọ́?" ni ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn. 

Àmúdà bọ́ síta. Ó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń hunṣọ, níbi tí òwú títa ti nà gbọọrọ lórí ilẹ̀ títí dé ìdí igi. Wọ́n ti gbọ́. Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ dé. Ọ̀kan kò tilẹ̀ dá ọkọ̀ òfì rẹ̀ dúró. "Ìjọba ti gba àwọn ọmọkùnrin, ó ti gba owó orí. Ó wá ku ẹ̀jẹ̀," ni ìyẹn wí. Òmíràn ní lúkúlúkú kò tíì tán lára òun. Òmíràn, tí òun àti Àmúdà jọ kọ́ iṣẹ́, sọkún. Ó ní, "Àmúdà, ẹ̀rù ń bà mí ni. Má bínú sí mi." Àmúdà kò bínú sí i. Agbára àtibínú kò sí.

Ìgbà tó padà, ó bá dókítà tó gbé dígí sójú oòrùn, Fàsílátù sì jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, apá rẹ̀ òsì wà ní ìhòòhò. Kò sí ẹni tó pè é. Ó kàn ti inú yàrá rẹ̀ jáde, ó jókòó.

Ẹ̀jẹ̀ náà dàpọ̀. Ó tàn kálẹ̀ lórí dígí, ó rọ̀, ó dán.

"Èyí ni," ni dókítà wí, ó sì ti ń nawọ́ sí abẹ́rẹ́ ńlá. "Alhamdulilahi! Ẹ jẹ́ kí á wọlé."

"Ẹ dúró," ni Oyèdèjì wí.

Ó dìde. Àwọn àgbà ilé ọkọ náà dìde pẹ̀lú rẹ̀. "Orogún rẹ̀ ni. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ìyá kọ̀ ọ́, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n kọ̀ ọ́, ti orogún ni yóò wá bá a mu? Irú kí lèyí? Tí ẹ̀jẹ̀ orogún bá wọ inú rẹ̀ lọ, ta ni yóò máa gbé inú rẹ̀?"

"Ó ti ń kú, Baba," ni dókítà wí.

"Mo rí i pé ó ń kú. N ò sì fẹ́ kó kú sọ́wọ́ ẹni tó ń retí ikú rẹ̀."

Ojú gbogbo èèyàn wà lára Fàsílátù. Obìnrin náà kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó wo Oyèdèjì, ó wo ọkọ rẹ̀ tó gbé orí sọ́wọ́ nídìí ògiri.

"N ò fẹ́ràn rẹ̀," ó ní. "N ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n n ò fẹ́ kó kú. Ṣé ohun tó ṣòro láti gbọ́ nìyẹn?"

"Ràsáàkì," ni Àmúdà wí, "ẹ̀yin lẹ ni ìyàwó méjèèjì. Ẹ sọ̀rọ̀."

Ràsáàkì gbé orí sókè.  "Kí á bi Àlùfáà Mùstàfá," ó ní. "Ohun tí àlùfáà bá wí ni kí á ṣe."

Àlùfáà Mùstàfá kò sí nílé. Ó wà lóko rẹ̀ lójú ọ̀nà Ìlúà. Wọ́n rán èèyàn sí i, gbogbo ilé sì jókòó dè é bí ẹni tó ti rí ojútùú. Dókítà Adétúnjí ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú àgbàlá. Àmúdà bá a níbẹ̀.

"Ẹ wọlé, kí ẹ ṣe é. N ó di ẹnu ọ̀nà mú."

"Wọ́n kìlọ̀ fún mi kí n tó wá síbí," ni dókítà wí. "Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ yẹn, a kò gbọdọ̀ fi ipá ṣe ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni ní ìlú yìí. Tí n bá tì wọ́n wọlé, tó sì kú, wọn yóò pa obìnrin tó na apá yẹn. Ẹ̀yin náà mọ̀."

Àmúdà mọ̀. Ó wọ yàrá lọ bá àbúrò rẹ̀. Àdìjátù gbé ọmọ jòjòló lé ẹsẹ̀, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ Mọ́rìnọ́lá, kò sì yéé fẹ́ ẹ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù ọyẹ́ kún yàrá. Ètè ọmọbìnrin náà ti funfun. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ rí bí ẹ̀kọ.

"Omi," ó ní. Ó mu díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọ́n ti rí ẹnì kan?"

"Wọ́n ti rí i."

"Ta ni?"

"Ìyáálé rẹ ni."

Ó dijú. Àmúdà rò pé ó ti sùn lọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Fàsílátù? Fàsílátù tiwa yìí?" Ó mí. "Ẹ ní kí wọ́n má gba púpọ̀ lára rẹ̀. Kì í jẹun dáadáa."

Ọ̀rọ̀ tí Àmúdà gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, èémí nìkan ló ń gbọ́, tó ń yára, tó ń kúrú.

Wọ́n ti kírun àsárì tán kí Àlùfáà Mùstàfá tó dé, tòun ti erùpẹ̀ oko lẹ́sẹ̀. Wọ́n fún un ní ìjókòó, kò jókòó. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́. Ó gbọ́ ọ débi ìdajì.

"Ta ló ní kí ẹ dúró dè mí?" ó ní. "Èèyàn ń rì sínú odò, ẹ wá ń wá àlùfáà tí yóò sọ bóyá kí ẹ nawọ́ sí i? Ẹ ṣí ọ̀nà!"

Wọ́n ṣí ọ̀nà. Fàsílátù dùbúlẹ̀ sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ orogún rẹ̀, dókítà fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, pupa tó dúdú, ó kún ìgò. Obìnrin náà kò ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà kọjú sí apá Mọ́rìnọ́lá, kò rí iṣan. Gbogbo rẹ̀ ti pẹlẹbẹ bí ìfun tí wọ́n fún. Ó wá a ní apá ọ̀tún, ó wá a ní apá òsì, ó wá a ní ọrùn ẹsẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ kékeré, ó là á díẹ̀ láti wá a. Ibi tó là náà kò ṣẹ̀jẹ̀. Ó rí iṣan níkẹyìn, ó ti abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ẹ̀jẹ̀ Fàsílátù sì ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀ nígbà tí Àdìjátù dá abẹ̀bẹ̀ dúró.

Ìyá ló kọ́kọ́ mọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ṣì kù nínú ìgò. Dókítà gbé e dání, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Fàsílátù dìde jókòó, òòyì ń kọ́ ọ. "Ó kù," ó ní. "Ẹ fi sí i. Ó ṣì kù." Ó ń wí i lọ títí Àlùfáà Mùstàfá fi mú un lọ́wọ́ jáde.

Wọ́n sin Mọ́rìnọ́lá kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kò pẹ́ rárá tí ìlú fi rí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ gbà gbọ́. Wọ́n ní bí ẹ̀jẹ̀ orogún ṣe wọ ara Mọ́rìnọ́lá ni ẹ̀mí rẹ̀ jáde, ojú wọn ló ṣe. Òótọ́ ni, ojú wọn ló ṣe. Ràsáàkì kò lé Fàsílátù, ṣùgbọ́n kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́, kò sì jẹ oúnjẹ rẹ̀. Obìnrin náà di ẹrù rẹ̀, ó gba ilé bàbá rẹ̀ lọ ní Ìlúà.

Ti Àdìjátù ló pa Àmúdà lára jù. Oyèdèjì kò pe ìyá náà lẹ́jọ́. Ì bá pè é, ì bá sàn, nítorí yóò rí ẹni dá lóhùn. Àwọn obìnrin ilé kàn ń dákẹ́ tó bá dé ibi omi ni. Nígbà tí wọ́n ń pín ilẹ̀ oko, wọn kò dárúkọ Àmúdà. Lọ́jọ́ kan, Àdìjátù pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Mo mọ ọkùnrin kan ṣoṣo láyé mi, Àmúdà," ó ní. "Bàbá rẹ ni."

"Mo mọ̀, Ìyá."

"Ìwọ mọ̀. Dígí yẹn ni kò mọ̀." Ó lọ bá àwọn èèyàn tirẹ̀ ní Òtù, níbi tí wọ́n ti lè rí wàrà fún ọmọ náà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní. Kò padà sí Ìsẹ́yìn mọ́.

Àmúdà ń bẹ ìlú. Ó ń dúró sí iwájú mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ń lọ sí ọjà àti sí ìdí òfì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Mọ́rìnọ́lá ni ó ń sọ. Ó ń sọ pé obìnrin mìíràn yóò bímọ lọ́la, àgbẹ̀ mìíràn yóò fi àdá ṣe ara rẹ̀ léṣe, kí àwọn tó bá fẹ́ wá sọ́dọ̀ dókítà báyìí tí kò sí wàhálà, kí ó yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀kọ̀, kí ó mọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò bá ta mu. Àwọn kan ń fún un ní omi mu nítorí wọ́n rò pé ikú àbúrò rẹ̀ ti ba orí rẹ̀ jẹ́. Àwọn ìyá ń pe ọmọ wọn wọlé tí wọ́n bá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wọ́ bọ̀. Àlùfáà Mùstàfá nìkan ló bá a lọ sí ilé àgbàwọ̀, ó na apá tó ti hunjọ. Dókítà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ó ti dàgbà jù.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ìjọba gbé Dókítà Adétúnjí lọ sí ibòmíràn. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ń bupá nìkan ni, kò ní irinṣẹ́ mìíràn.

Ní àárín òjò ọdún náà, Àmúdà ru aṣọ lọ sí ọjà Ìlúà. Ó yà kí Fàsílátù. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi emi níwájú ilé bàbá rẹ̀, wọn kò rí ọ̀rọ̀ púpọ̀ sọ. Fàsílátù béèrè ọmọ náà, Àmúdà ní ó ti ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbọ́ igbe láti agbo ilé kejì. Ọdẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ṣàngóbùnmi, ìbọn rẹ̀ ti bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lóko, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbé e délé.

Àwọn méjèèjì sáré lọ. Wọ́n ti fi ọ̀já di apá rẹ̀ pinpin, ẹ̀jẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá, ṣùgbọ́n ojú ọkùnrin náà ti rí bí ojú Mọ́rìnọ́lá lọ́jọ́ ikú rẹ̀. Àgbàlagbà kan rí Àmúdà, ó sì pariwo.

"Ará Ìsẹ́yìn nìyí! Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ lọ́jà nìyí!"

Àmúdà rò pé wọ́n fẹ́ lé òun ni. Ṣùgbọ́n ìyàwó Ṣàngóbùnmi ti kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ti na apá méjèèjì. Àbúrò ọdẹ náà ká aṣọ dé èjìká. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tò sẹ́yìn obìnrin náà, apá wọn wà ní ìhòòhò, ẹ̀jẹ̀ ọ̀rẹ́ wọn ṣì wà lára wọn.

"Ẹ gba tèmi," ni obìnrin náà wí. "Tí kò bá bá a mu, ẹ gba ti àbúrò rẹ̀. A gbọ́ ohun tí ẹ sọ. A ti ń sọ ọ́ láàárín ara wa. Ẹ gbà á, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìyá," ni Àmúdà wí.   "Ìyá, n kò lè gbà á. Dókítà ló mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n ti gbé e lọ."

"Lọ síbo?"

"N ò mọ̀."

Obìnrin náà kò sọ apá rẹ̀ kalẹ̀. Ó ń wo Àmúdà, ó ń wo Fàsílátù, bí ẹni pé ọ̀kan nínú wọn yóò tó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn ọdẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Fàsílátù kúnlẹ̀ tì í, ó di apá náà mú, ó rọra tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ sórí itan rẹ̀, ó sì dì í mú síbẹ̀.

Ṣàngóbùnmi kú kí oòrùn tó kan àtàrí. Àmúdà bá wọn gbẹ́ ilẹ̀. Fàsílátù wà pẹ̀lú àwọn obìnrin. Ìgbà tí wọ́n ṣe tán, àbúrò olóògbé bu omi wá kí Àmúdà fi fọ ọwọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó dúró tì wọ́n. Àmúdà fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé ẹrù aṣọ rẹ̀ tí kò tà, ó sì mú ọ̀nà Ìsẹ́yìn pọ̀n nínú òjò.